Aṣọ Funfun tó Ti Kaboua Wá

Ìgò méjì ni ọmọ ọmọ mi mú bọ̀ láti Kánádà, ìgò kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kó mú wá. Èmi ni mo bí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bá àwọn oníṣu lọ sí Kutọnu. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ìgò kan lé mi lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló dìde, ó kọjá sí yàrá òdìkejì, ó kúnlẹ̀ kí ìyálé mi, ó sì gbé ìkejì lé òun náà lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ. Nílé wa, ẹni tó bá ra ọṣẹ fún ìyàwó kan gbọ́dọ̀ ra fún èkejì, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ọkọ wa ti kú, ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n òfin ilé kò bá a lọ. Síbẹ̀ inú mi kò dùn. Iṣu tí mo fẹ́ sá ni mò ń gé lọ́jọ́ náà, mo sì gé e nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, débi pé inú rẹ̀ kò gbẹ, gbogbo rẹ̀ sì bu.

Ọmọ náà ṣàlàyé ohun tí ìgò wà fún. Ó ní ká tutọ́ sí i, òun á gbé e lọ, àwọn kan á yẹ itọ́ náà wò lọ́hùn-ún. Ó ní nǹkan kan wà nínú itọ́ tí wọ́n ń pè ní ADN, pé bàbá àti ìyá ló ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ, àti pé tí ẹbí ẹni kan níbikíbi láyé bá ti tutọ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n á rí i pé ẹ jọ jẹ́ ọ̀kan.

Mo ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni ìyálé mi fẹ́ fi ṣe?”

Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ kò fẹ́ kí àwọn náà mọ ẹbí wọn ni?”

Èwo ni ẹbí rẹ̀ tí kò mọ̀? Ọmọ Kaboua ni ìyálé mi. Tí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn ará ilé rẹ̀ á kún ọkọ̀ wá láti Kaboua, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kì í títí yóò fi jáde sí wọn. Iṣu tí wọ́n ń kó wá, a máa ń jẹ ẹ́ di ìgbà kajú. Èmi náà ní ẹbí bàbá, ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá, òfìfo ni.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá ìyá mi kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Parakou ló sọ ọ́ kalẹ̀ ní Ṣábẹ̀, òun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ yẹn ni ìyá mi. Ó tọrọ omi mu, ó jókòó, kò sì lọ mọ́. Iṣu sísè àti ata ló ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ títí ó fi darúgbó. Etí rẹ̀ òsì ya, ó pín sí méjì nísàlẹ̀, kò lè fi yẹtí sí i. Tí ènìyàn bá bi í pé níbo ló ti wá, á ní, “Ọkọ̀ ló gbé mi wá.” Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ń lọ sí oko, ó ń lọ sí Adido, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gba ọ̀nà Kaboua. Tó bá fẹ́ ra iṣu níbẹ̀, á fún ẹlòmíràn lówó kó bá a rà á. Mo rò pé ọ̀nà yẹn ló jìn lójú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú mi wá sílé ọkọ, ìyálé mi ló bu omi jáde fún àwọn ènìyàn mi. Ìyá ìyá mi gba igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

“Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Ọmọ Kaboua ni mí, Màmá.”

“Agbo ilé wo?”

Ìyálé mi sọ ọ́ fún un. Ìyá ìyá mi mu omi náà tán, igbá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Mo rò pé ẹwà ìyálé mi ló ń wò. Ó rẹwà jù mí lọ nígbà yẹn. Ó ṣì rẹwà jù mí lọ báyìí, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni ìyá ìyá mi kú. Lọ́dọ̀ wa, tí obìnrin bá kú, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ là ń túfọ̀ fún, àwọn ló sì ń mú aṣọ funfun wá tí wọ́n á fi bò ó kí a tó sin ín. Ta la fẹ́ túfọ̀ fún? A tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń dúró. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, “Àbí láti òfuurufú ló ti jábọ́ ni?” Ìyá mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ, kò sì rí ibi tí yóò fi ojú sí.

Ìyálé mi ló ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Kaboua. N kò rán an. Bàbá náà gun kẹ̀kẹ́ wá, eruku bò ó dé ojú, aṣọ funfun tó ká dáadáa wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kà á sí ọmọ ilé wa.” Ó tẹ́ aṣọ náà bo ìyá ìyá mi. Gbogbo ilé ń kí ìyálé mi, wọ́n ń ní ẹ wo obìnrin tó bo àṣírí orogún rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè bá ìyálé mi jà mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé pẹ̀lú orogún á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó gbé odó mi, odó tí ìyá ìyá mi rà fún mi ní ọjọ́ ìyàwó, ó ní òun fẹ́ fi gúnyán lẹ́ẹ̀kan, kò dá a padà. N kò sọ̀rọ̀. Igi kajú tó wà láàárín oko èmi àti òun, òun ló ń ká a. N kò sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti la ẹnu, màá rí aṣọ funfun yẹn, màá sì pa á dé. Kò fi í bú mi rí, kò fi ẹnu kàn án rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, à bá ti jà, à bá ti parí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń wá nínú ìgò yẹn yé mi. Mo fẹ́ rí àwọn ènìyàn ìyá ìyá mi kí n tó kú. Mo fẹ́ kí àwọn náà ra aṣọ funfun, kí wọ́n gbé e dé Kaboua, kí wọ́n ní, “Ẹ gbà, ẹ ṣeun, ọmọ wa ni.” Kí n sì padà sílé kí n bèèrè odó mi.

Kí a tó tutọ́, ọmọ ọmọ mi ní ká kọ́kọ́ wá inú ìwé. Ó mú mi lọ sí méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ọ̀gbẹ́ni kan ṣí ìwé ńlá, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ìyá ìyá mi kò sí nínú ìwé kankan. A rí ti ìyá mi, ìwé ìbí tí wọ́n máa ń ṣe nílé ẹjọ́ fún ẹni tó ti dàgbà kó tó ní ìwé. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì ló wá kọ́ mi ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, nítorí náà ọmọ náà ló kà á fún mi. Ó kà á dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí, ó dúró, ó wò mí.

“Màmá, ta ni ẹni yìí?”

Mo gbọ́ orúkọ náà, mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló mú ìyá mi lọ síwájú adájọ́, òun sì ni olórí ilé. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni bàbá obìnrin yìí, ó ní òun ni. Kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Ta ló tún fẹ́ jẹ́ bàbá fún ìyàwó ilé bí kì í ṣe olórí ilé? Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi wá di ẹni tó fẹ́ àbúrò bàbá ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ìlú tí wọ́n bí i sí, Ṣábẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n kọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.

Ọmọ ọmọ mi ní, “Ìwé yìí kò wúlò.”

Mo ní, “Ó wúlò fún òun tó ṣe é. Jẹ́ ká lọ tutọ́.”

Ó ti sọ fún wa pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun kí a tó tutọ́. N kò jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń kúrò nílé lọ sí ìrìn àjò jíjìn bẹ́ẹ̀, èmi kò lè jẹ́ kó lọ láìsúre fún un. Mo wọ yàrá, mo ju ataare méje sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ kúnná, mo pe orúkọ ìyá ìyá mi, mo ní kí itọ́ yìí lọ ire, kó bọ̀ ire, kó má ṣìnà. Mo tu gbogbo rẹ̀ sínú ìgò. Ó dúdú díẹ̀. Mo dé e, mo fi aṣọ wé e kí ọmọ náà tó gbà á. Ìyálé mi ní tirẹ̀ jókòó sójú títì, ó tu tirẹ̀ pẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń fọ ẹnu, ó ní, “Ṣé ó tán?”

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ náà padà sí Kánádà ni èsì ìyálé mi dé. Ẹbí! Ọ̀kan ní Abidjan, mélòó kan ní Ìlọrin, obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń sunkún lójú fóònù tó ń pè é ní kọ́sìnì. Ojoojúmọ́ ni fóònù ìyálé mi ń dún ní àgbàlá. Á ní, “Ìyàwó, wá wo àbúrò mi ní Abidjan, wo bó ṣe gbé imú bàbá mi!” Màá ní, “Mò ń bọ̀, ìyálé mi, ọbẹ̀ ń jóná.” Kò sí iná lábẹ́ ìkòkò kankan. Ẹni tó ti ní ẹbí tó kún ọkọ̀, òun ni wọ́n tún ń kó ẹbí fún láti òkè òkun.

Èmi bèèrè tèmi. Ọmọ ọmọ mi ní wọn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní itọ́ mi kò mọ́.

“Màmá, kí lẹ jẹ?”

“N kò jẹ nǹkan kan.”

“Màmá.”

“Ataare ni. Ṣé oúnjẹ ni ataare?”

Ẹ̀rín pa á débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyálé mi gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ké sí mi pé, “Ìyàwó, ò bá kúkú fi obì sí i!” Mo dákẹ́. Aṣọ funfun.

Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ló bá wa mú ìgò tuntun wá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi omi lásán yọ ẹnu, mo jókòó títí ẹnu mi fi gbẹ, mo tutọ́ láìsọ gbólóhùn kan. Mo ń retí rẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ ọmọ mi pè mí. Ohùn rẹ̀ kò yá bíi tàtẹ̀yìnwá.

“Màmá, wọ́n ti rí ẹni tó sún mọ́ yín jù.”

“Ibo ló wà?”

“Ó wà nínú ilé yín níbẹ̀.”

Mo wo ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ nìkan ni mo rí.

Ó ní, “Ìyálé yín ni. Ó jọ pé ìyá ìyá yín àti bàbá bàbá tiwọn jẹ́ ọmọ ìyá. Ọmọ ọmọ àbúrò ni yín, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n.”

Mo ní bóyá wọ́n ti da itọ́ rẹ̀ mọ́ tèmi lọ́hùn-ún. Ó ní rárá. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n tún un wò. Ó ní wọ́n ti tún un wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi sọ fún ìyálé mi. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń kí i lálẹ́, mo sì gbé e mì. Ẹ má bínú sí mi. Ọkọ, a pín in. Àgbàlá, a pín in. Ọmọ ọmọ tí mo pọ̀n, a pín in, ìgò itọ́ pàápàá, a pín in. Ìyá ìyá mi nìkan ni ohun tí mo ní tí òun kò ní. Òkùnkùn rẹ̀ pàápàá, tèmi ni. Ó wá di pé kí n tún bù nínú ìyẹn fún un.

Ní ọjọ́ kẹrin mo rò ó bí oníṣòwò. Àbúrò bàbá ìyálé mi obìnrin kan ṣì wà láàyè ní Kaboua, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀rọ̀ yìí, òun ni. Tó bá kú nígbà tí mo ṣì ń jowú, ó ti parí. Mo lọ bá ìyálé mi níbi tó ti ń ṣa kajú, mo jókòó, mo bá a ṣa, mo sì sọ fún un.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ó mu omi yẹn tán,” ó ní. “Mo rántí. Ó mu ún tán, kò sì fẹ́ dá igbá padà fún mi.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó tún ṣa kajú díẹ̀. Ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Àbúrò mi wá ni ẹ́! Láti ìgbà tí a ti wà yìí ló yẹ kí o ti máa fọ aṣọ mi.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wọ ọkọ̀ lọ sí Kaboua, èmi àti òun lórí ìjókòó kan, àpò àgbàdo láàárín wa. Ìyá arúgbó náà jókòó lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ dáadáa. Ìyálé mi ro ọ̀rọ̀ fún un. N kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tó na ọwọ́, ó ń fọwọ́ wá orí mi. Ó di etí mi òsì mú.

“Ìwọ, tìrẹ kò ya,” ó ní.

Mo ní, “Tirẹ̀ ya, Màmá.”

Ó ní, “Tó bá pọ̀n mí, etí yẹn ni mo máa ń dì mú.”

Ọmọ kékeré ni òun nígbà náà, ó ní. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà. Wọ́n ti fi í fún ọkùnrin kan, wọ́n ti gba ohun ìdána, ó sì lóyún fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ́ ojú irin lọ sí Parakou, ó tẹ̀ lé e lọ. Bàbá rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nílé. Wọn kò sì dárúkọ rẹ̀. Wọn kò gbọ́ bóyá ó kú tàbí ó wà. Èmi mọ èyí tó kù. Ọkùnrin náà kò sí mọ́ tàbí ó kọ̀ ọ́, ìyá ìyá mi wọ ọkọ̀, ó ń bọ̀ wálé, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kan ló kù. Kò lè rìn ín.

Ìyá arúgbó náà ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, ó ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ ilé kan, lẹ wà nílé ọkọ kan? Èèwọ̀ ni nílé yìí!”

Ìyálé mi ní, “Ọkọ ti kú, Màmá. Ta lẹ fẹ́ kó jáde nínú wa?”

Ìgbà yẹn ni omi inú igbá yé mi. Ká ní ìyá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá mú mi padà sílé. Ó mu ún, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá arúgbó ní, “Ó ti kú, nígbà náà. Ẹnikẹ́ni kò sì túfọ̀ rẹ̀ fún wa. Tú u fún wa.”

Mo kúnlẹ̀. Ìyálé mi tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde, ó kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé, ó jókòó ti ìyá arúgbó náà, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

“Ẹ kú àbọ̀,” ó ní. “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ni kò sí?”

Mo dárúkọ rẹ̀. Gbogbo orúkọ náà ni mo dá, nínú ilé tí wọ́n ti ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n bú sẹ́kún bí ẹni pé àná ló kú, ìyálé mi sì ń sunkún pẹ̀lú wọn.

Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá arúgbó náà ní, “Ojú tì wá. Ọmọ wa kú, a kò mú aṣọ lọ.”

Mo ní, “Ẹ mú un lọ, Màmá. Ẹ̀gbọ́n yín ló gbé e wá, lórí kẹ̀kẹ́. Funfun ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó.”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mo ń wá ibi tí ẹrù náà wà lára mi, n kò rí i. Kò sí aṣọ tí mo fẹ́ dá padà fún ẹnikẹ́ni. Ilé bàbá rẹ̀ ló bò ó, bó ṣe yẹ kó rí, ìyálé mi kò sì yá mi ní nǹkan kan. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ rìn díẹ̀.

“Ìyálé mi, odó mi ńkọ́?”

“Odó wo?”

“Èyí tí ìyá ìyá mi rà fún mi. Ó wà ní ìdí ààrò yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi gúnyán lẹ́ẹ̀kan.”

Ó yí ọrùn wò mí. “Láti ìgbà yẹn lo ti ń bínú?”

“Láti ìgbà yẹn. Igi kajú yẹn náà, tèmi ni.”

“Igi tí bàbá àwọn ọmọ fún mi?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀!”

A jà títí òkè Ṣábẹ̀ fi yọ lójú wa. Awakọ̀ ń bẹ̀ wá, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ṣe é.” Ìyálé mi ní kó kọjú sọ́nà, ó ní àbúrò òun lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ilẹ̀kùn, odó mi wà níwájú rẹ̀. Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ti gún ìdí rẹ̀ débi pé ó ti sán. Mo gbé e lé orí, mo sì gbé e padà lọ bá a.